Abala Kẹta nínú Fáìlì Ológbò Eléérú

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ológbò ìdílé sílẹ̀, n kò sì ní ológbò rí. N kò fẹ́ràn wọn, n kò sì kórìíra wọn. Wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tó mọ ohun tí mo jí jẹ, èmi náà á sì gbájú mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Bí a ṣe ń bá ara wa gbé nìyẹn.

Kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé iṣẹ́ gidi ni. Ológbò tó ń sùn lórí òrùlé yín kì í ṣe ológbò ìdílé. Ológbò lásán nìyẹn, Ọlọ́run ló ni ín. Ológbò ìdílé ni èyí tí fáìlì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ní abala ìwé mẹ́ta. Abala kìíní ń sọ ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Abala kejì ń sọ bó ṣe rí, irun rẹ̀, etí rẹ̀, ìrù rẹ̀. Abala kẹta ń sọ ìwà rẹ̀. Orúkọ ológbò kì í sí lára abala kejì àti ìkẹta o, torí pé yàrá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ, síwájú adájọ́ mẹ́ta tí ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí èkejì ń kà. Ojúsàájú la ń sá fún. Tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ tán, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ padà sórí tábìlì mi, èmi á fi okùn funfun so ó pọ̀. Láti ọjọ́ náà, òfin ni. Bí ìwé bá ní ìrù rẹ̀ gùn, tí ìrù kò sì gùn, ìrù ló jẹ̀bi.

Ọ̀gá wa, Akọ̀wé Àgbà, ní bó ṣe máa ń sọ ọ́. "Ẹyin lọ̀rọ̀ ẹnu," ni yóò wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwé kì í fọ́." Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń wọ kóòtù kan náà lójoojúmọ́, tó sì máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ojú òǹtẹ̀ kó tó lù ú, bí ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ. Mo bẹ̀rù rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Aláago gbé apẹ̀rẹ̀ kan wọlé wá bá mi. Aago ló ń tún ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Ó ti fi ojú ọ̀tún wo inú aago títí ojú náà fi kéré sí ti òsì. Ológbò kan ló wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó rí bí eérú látòkè délẹ̀ àfi àyà rẹ̀ tó funfun, bí ẹni tó da wàrà sára. Orí rẹ̀ tóbi, ọrùn kò sí rárá, ìrù rẹ̀ kò sì ju àtàǹpàkò lọ.

"Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń sìn wọ́n," ni Bàbá Aláago wí. "Eléérú ni mo sọ ìran wọn. Ọmọ mi, bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kú."

"Ibo ni wọ́n ti wá, Bàbá?"

"Inú aago. Ẹnì kan gbé aago ńlá kan wá, ó ní kò dún mọ́. Mo ṣí i, mo bá ológbò kan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ti gé ìrù rẹ̀. Mo yọ ọ́. Látìgbà náà, gbogbo ọmọ tó bí àti gbogbo ọmọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bí, onírù kúkúrú ni."

"Bàbá, ìrù tí ẹ̀rọ gé kì í ran ọmọ o."

"Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Iṣẹ́ mi kọ́ ni láti bá ènìyàn jiyàn ibi tí ológbò rẹ̀ ti wá. Nígbà tí a dé orí ìwà, ó wo inú apẹ̀rẹ̀ pẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Tí ẹ bá pè é, ó ń gbọ́, kì í dáhùn. Wákàtí mẹ́rìndínlógún ló fi ń sùn lójúmọ́, ẹ má jí i. Bí àlejò bá dé, á wọ inú yàrá lọ. Ẹ má bẹ̀ ẹ́, á jáde fúnra ẹ̀. Ìrù ẹja ló fẹ́ràn, kò ka orí ẹja sí. Ẹni tó bá fẹ́ràn, á jókòó sí tòsí rẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí i. Kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun, àmọ́ tí ẹ bá họ ọ́ lẹ́yìn etí, orí rẹ̀ á wó sí yín lọ́wọ́. Bí inú bá bí i, á gbé ìrù sókè, ìwọ̀nba èyí tó ní."

Ìyẹn ni abala kẹta ti ológbò. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ó yẹ kí n sọ ti bàbá mi wàyí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi wọn ẹrù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Títí dòní, kò ní jẹ búrẹ́dì láìjẹ́ pé ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kó sọ pé, "Ogójì gíráàmù." Kì í ṣì í. Ìyá wa kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, àtìgbà náà ni bàbá mi ti di ẹni tó ń jókòó. Aago márùn-ún àárọ̀ á jí, á dán bàtà, á wọ̀ ọ́, á wá fi bàtà dídán jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò ní ibì kankan tó ń lọ. Èmi àti òun là ń gbé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni mo máa ń bá a, á wá dùn mí wọ eegun, màá ní kí n sọ nǹkan kan, ohun tí ẹnu mi máa sọ náà ni, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Kékeré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé, ló ní ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, opó ni, ó lọ bá a sọ ọ́. Obìnrin náà kò kọ̀, kò sì gbà. Ohun tó sọ ni pé, "Wọ́n ti fi ẹnu júwe ọkùnrin fún mi rí. Wọ́n ní ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko lojú mi fi rí jẹ́jẹ́ náà. Ẹ lọ kọ èyí sílẹ̀ fún mi, bó ṣe rí, bí ìwà ẹ̀ ṣe rí. Ẹ má sì purọ́ o. Ìwé aláboyún tí mo ti kà pọ̀ ju irun orí yín lọ, mo mọ ibi tí irọ́ máa ń sápamọ́ sí."

Ta ni yóò kọ ọ́? Wọ́n ní èmi tí mo jẹ́ ọ̀mọ̀wé ìdílé ni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, mo sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ní òun kò fẹ́ ọwọ́ òsì, òun kò fẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, òótọ́ ni òun ń fẹ́. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun ọ̀sán. Ọwọ́ mi kò mọ ọ̀nà mìíràn láti gbà júwe ohun ẹlẹ́mìí, nítorí náà mo tẹ abala kejì, mo tẹ abala kẹta. N kò kọ orúkọ bàbá mi sí i, kí Ọ̀gá má lọ rí i kó ní mò ń fi ìwé ìjọba wá ọkọ fún opó.

Ohun tí mo kọ sí abala kẹta nìyí: "Kì í sọ ibi tó ń dùn ún. Aago márùn-ún ló ń jí. Ó ń dán bàtà tí kò wọ̀ lọ síbì kankan. Kì í jẹ ohunkóhun tí kò bá kọ́kọ́ wọ̀n lọ́wọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá pẹ́ lóde, á lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà. Bí ọmọ náà bá yọ, á sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wo gọ́tà, bí ẹni pé tìtorí gọ́tà ló ṣe jáde. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò kọrin mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń mí síbi tí ó yẹ kí orin ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ń ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ọ̀gá. Mo gbá gbogbo ìwé orí tábìlì pọ̀, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀, tèmi àti ti Bàbá Aláago. Nígbà tó kọjá, mo kó wọn jáde. Abala kejì rọrùn láti yà sọ́tọ̀: èyí tó ní ìrù, ti ológbò, èyí tó ń pá lórí, ti bàbá mi. Abala kẹta ńkọ́? N kò kà á. Mo mú èyí tó wà lókè fún ọ́fíìsì, mo fi èyí tó wà nísàlẹ̀ sínú àpò ìwé agbẹ̀bí. Ẹlòmíràn tó bá kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀ á kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i. Èmi ni ọ́fíìsì ti kọ́ pé kí n má kọ orúkọ.

Ọjọ́ kẹta, a gbọ́ ẹkún láti yàrá kẹta.

Ìyá Adájọ́ ló wà níbẹ̀, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣèdájọ́ ìwà. Obìnrin tó le bí àgbado gbígbẹ ni. Lára ológbò mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni yóò kọ "Ọ̀lẹ ni" sí nídìí. Lọ́jọ́ náà ó sunkún títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi kún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, orí ìlà gan-an ló lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sí. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Láti ọgbọ̀n ọdún, n kò ka irú ìwà yìí rí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí wọ́n mú un wá kí n fojú rí i."

Mo mú okùn funfun, mo fẹ́ so fáìlì Eléérú pọ̀, ojú mi bá bọ́ sára "bàtà." Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé fáìlì náà, mo lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ti wọ fáìlì yìí. Abala kẹta yìí kì í ṣe ti ológbò."

"Ti ta ni?"

Ojú tì mí. "Ti... ti ẹlòmíì ni, sà."

"Òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀?"

"Ó wà, sà."

"Ó ti di ti ológbò nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ní láti fi máa hùwà náà. Bí kò bá hù ú, a ó fagi lé ìran rẹ̀."

"Ọ̀gá, wọ́n ní ó ń wọ bàtà."

"Kó lọ wọ bàtà nígbà náà." Ó fẹ́ atẹ́gùn sí òǹtẹ̀ rẹ̀. "Àfi bí ẹ bá mú abala tirẹ̀ gan-an wá. Ìwé lè rọ́pò ìwé. Ẹnu kò lè rọ́pò ìwé."

Abala tirẹ̀ gan-an wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ti kà á, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Mo pinnu pé ẹnu ọ̀nà ni màá ti bá a sọ ọ́. Ó dé, obìnrin kúkúrú kan tó ṣe gírígírí, tó gbé báàgì dúdú kan lọ́wọ́ àti ẹja tí wọ́n wé nínú ìwé ìròyìn. Kí n tó la ẹnu, ó ti kọjá lára mi. Kò kí bàbá mi kúnlẹ̀, kò kí i lóòró. Ó fa àga kan sí tòsí rẹ̀, ó jókòó, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń ṣe!

Bàbá mi wo ẹ̀yìn obìnrin náà títí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e kí n bẹ̀ ẹ́.

"Fi í sílẹ̀," ni agbẹ̀bí wí, kò tilẹ̀ yí ojú padà. "Á jáde fúnra ẹ̀."

Ìdajì wákàtí kọjá, bàbá mi jáde. Ó padà sórí àga. Obìnrin náà dìde bí ẹni tó fẹ́ wo ìta láti ojú fèrèsé, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó na ọwọ́, ó họ bàbá mi lẹ́yìn etí. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ ibẹ̀ lọ. Mo ń dúró kí bàbá mi fìbínú dìde. Kò dìde. Ojú rẹ̀ pa dé, orí rẹ̀ sì rọra ń wó, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi balẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà.

Ọdún mẹ́fà ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan orí bàbá mi. Èmi ọmọ rẹ̀ ń fọ aṣọ rẹ̀, mò ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mò ń béèrè bóyá ó ti jẹun, n kò fọwọ́ kàn án rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo wọ ilé ìdáná lọ, mo lọ dúró síbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi ti gbé ẹja náà lé ọwọ́. "Ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù ó lé mẹ́wàá."

"Wọ́n ní ọ̀ọ́dúnrún péré ni."

"Ẹ jèrè mẹ́wàá nìyẹn," ni bàbá mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, bàbá mi rẹ́rìn-ín.

Mo sin agbẹ̀bí dé ojú ọ̀nà. "Ìyá, ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí yín yẹn..."

"Ìwé yẹn dáa. Ìdílé tó ń sọ òótọ́ nípa bàbá wọn báyìí, mi ò tíì rí i." Ó fọwọ́ lu báàgì rẹ̀. "Ó wà níbí. Kò sí ibi tó ń lọ."

Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n sọ pé ìwé ológbò lẹ gbà, ẹ dá a padà? Obìnrin wo ló máa gbọ́ irú ẹ̀ tí kò ní ní a fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Á lọ, bàbá mi á sì padà sídìí fèrèsé, láéláé. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ó tún wá lọ́jọ́ Ajé, ó tún wá lọ́jọ́rú, lọ́jọ́ Jímọ̀ sì rèé, bàtà bàbá mi tẹ títì.

Nílé Bàbá Aláago, nǹkan kò rọrùn. Ọ́fíìsì ti fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí i, kò sì yà á lẹ́nu. "Mo mọ̀ pé ìwà kan wà tó ń fi pa mọ́ fún mi," ló wí. Ó lọ bá oníṣẹ́ bàtà, ó ní kó gé mẹ́rin. Àràárọ̀ ló ń wá jábọ̀ fún mi.

"Ó ti ń jí láago márùn-ún."

"Fúnra ẹ̀, Bàbá?"

"Èmi ni mò ń jí i."

Lọ́jọ́ kejì: "Ó wọ bàtà mẹ́ta. Ó fi ìkẹrin lù mí lójú." Lọ́jọ́ kẹta: "Ó ń wo gọ́tà dáadáa. Bóyá tìtorí èkúté ni, ṣùgbọ́n ó ń wò ó." Lọ́jọ́ tó ku ọjọ́ mẹ́fà, ó jókòó síwájú mi, ojú kékeré rẹ̀ kún fún omi. "Ọmọ mi, ìyàwó tó kú yìí ló dààmú mi jù. Kò níyàwó rí. Ṣé kí n kọ́kọ́ fẹ́yàwó fún un ni? Bí mo bá sì fẹ́ ẹ, ta ni kó pa á?"

Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Mo mọ̀ pé ológbò yẹn máa já a kulẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n lè jẹun. Bí mo bá gba ìwé lọ́wọ́ agbẹ̀bí, bàbá mi ló máa jìyà. Bí n kò bá gbà á, ọdún mọ́kàndínlógún Bàbá Aláago ló máa wọmi. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, n kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Wọ́n gbé Eléérú sórí tábìlì gígùn nínú yàrá ńlá, ó wọ bàtà mẹ́rin, ó ń sùn. Ìyá Adájọ́ fa àga sún mọ́ ọn. Ó pè é. Etí ológbò mì, ó gbọ́, kò dáhùn. Ó gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀, ológbò gbé ẹsẹ̀ kan lé e.

"Ó ń wọ̀n ọ́n!" ni Bàbá Aláago kígbe.

Ológbò fi búrẹ́dì ṣe ìrọ̀rí, ó ń bá oorun rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ní a ò ní tilẹ̀kùn títí yóò fi hùwà, a sì jókòó. Aago mẹ́rin lù, márùn-ún lù. Aago mẹ́fà ń bọ̀, oòrùn ti ń wọ̀, Ìyá Adájọ́ dìde. Ìrònú bo ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún tí wọn kò mú un ṣẹ.

"Kì í ṣe ẹni tí mo kà nìyí," ló wí.

Ọ̀gá mú òǹtẹ̀ pupa, èyí tí wọ́n fi ń fagi lé ìran. Bàbá Aláago gbé ológbò náà mọ́ àyà. Mo dìde. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo dìde. Àsìkò yẹn ni Ìyá Adájọ́, tó ti lọ dúró lójú fèrèsé, béèrè lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ta ni bàbá tó dúró létí gọ́tà lọ́hùn-ún yẹn?"

Mo sáré lọ wò ó. Bàbá mi ni. N kò pẹ́ níbi iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti rìn wá, agbẹ̀bí dúró tì í pẹ̀lú báàgì dúdú rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń kọ mànà. Bó ṣe rí ojú mi lójú fèrèsé, ó sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo gọ́tà.

"Òun nìyẹn," ni Ìyá Adájọ́ wí. "Ẹ lọ mú un wọlé."

"Ìyá, ènìyàn nìyẹn o," ni Ọ̀gá wí.

"Ìwé kì í fọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Wọ́n wọlé. Bàbá mi kí gbogbo ilé, ó rí òǹtẹ̀ pupa lórí tábìlì, ó gbé e lé ọwọ́, ó ní, "Igba gíráàmù ó dín márùn-ún," ó gbé e sílẹ̀. Ìyá Adájọ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Kò sí ibi tí mo tún lè sá sí. "Bàbá mi ni," mo wí. "Èmi ni mo kọ ọ́. Mo ṣì wọ́n gbé." Mo yíjú sí agbẹ̀bí. "Ìyá, abala tó wà lọ́wọ́ yín, ti ológbò yìí ni. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa bínú, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí."

Obìnrin náà ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ìwé náà yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú Ọ̀gá.

"'Bí inú bá bí i, á gbé ìrù sókè,'" ló kà. "Ìwọ ọmọ yìí, o rò pé mo ka ibẹ̀ fò ni? Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ni mo gbẹ̀bí wọn. Kò sí ọ̀kan tó nírù."

"Ẹ mọ̀?"

"Látọjọ́ tí mo ti gbà á."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi wá?"

"Mo wá bú yín ni. Ẹja yẹn gan-an, mo fẹ́ jù ú síwájú yín ni, kí n ní kẹ́ ẹ lọ fún ológbò yín jẹ. Mo wá wọlé, mo rí ẹnì kan tó wọ bàtà dídán sórí àga, tí ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Mo ní, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọ́n kọ ná." Ó wò wá yíká. "Ta ni ò fẹ́ kí wọ́n họ òun lẹ́yìn etí?"

Mo rí Ọ̀gá tó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, tó sì yára gbé ọwọ́ náà kúrò.

Ìwé rọ́pò ìwé. Ìyá Adájọ́ ka abala tuntun náà, ó pe ológbò. Ó gbọ́, kò dáhùn. Ó lu òǹtẹ̀. Bàbá Aláago jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tú bàtà ológbò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Abala kẹta ti bàbá mi ṣì wà lórí tábìlì. "Kí ló wà nínú ìyẹn?" ni bàbá mi béèrè. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ti gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ó sì dúró sójú kan.

"O mọ̀ pé kì í ṣe gọ́tà ni mò ń wò?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

Ó gbé ìwé náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, ó wá sílẹ̀ díẹ̀. "Gíráàmù márùn-ún," ló wí. Mo sún mọ́ ọn. Níwájú Ọ̀gá, níwájú gbogbo wọn, mo na ọwọ́, mo họ bàbá mi lẹ́yìn etí. Irun ibẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́, n kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fi orí tì mí lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé agbẹ̀bí jáde.

"Bàbá!" Ọ̀gá fò dìde. "Ìwé ọ́fíìsì nìyẹn o! Òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀! Bàbá!"

Bàbá mi gbọ́. Kò dáhùn.